Asẹ́ńbìlì mi ń rìn kọjá ibi tó yẹ kó dúró: báwo lẹ ṣe ń fi gbèdéke sí ìrìn nínú CAD (sọ́fítíwíà tá a fi ń ya ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà)?

Kírankì_kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ya apá ẹ̀rọ kan tó ń gbé ẹrù sókè, sílíńdà háídírọ́líìkì kan ló ń tì í. Apá yẹn so mọ́ òpó pẹ̀lú píìnì, ìdí sílíńdà so mọ́ òpó yẹn kan náà nísàlẹ̀, orí ọ̀pá ẹ̀ wá so mọ́ abẹ́ apá. Gbogbo ẹ̀ ti wà níbi tó yẹ kó wà, kò sí àmì pupa kankan lára mate mi (ìsopọ̀ tó ń so páàtì kan mọ́ òmíì). Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi máòsì fa apá yẹn, á máa yí po bí abẹ́ fáànù, á gba inú òpó kọjá, ọ̀pá sílíńdà á yọ tán pátápátá kúrò nínú ilé ẹ̀ á wá dá dúró lófuurufú, tí mo bá sì fà á padà, orí písítìnì á gba ìdí sílíńdà jáde sẹ́yìn.

Mo fẹ́ kó máa rìn bí ohun gidi ṣe máa rìn. SolidWorks lèmi ń lò, ṣùgbọ́n nínú àwọn tá a jọ ń ṣe é, ẹnìkan ń lo Fusion, ẹnìkan ń lo FreeCAD, torí náà ìdáhùn tó máa bá gbogbo wa mu ni mò ń wá. Ṣé limit (iye tí ìrìn ò gbọ́dọ̀ kọjá) ni kí n fi sí i ni àbí contact (kí kọ̀ǹpútà dá a dúró tí páàtì bá kan páàtì)? Ibo gan-an ni kí n fi sí, iye wo ni kí n kọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ bọ́tìnì fún mi, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

asẹ́ńbìlì_lójoojúmọ́:
Inú mi dùn pé o béèrè báyìí, torí ibi bọ́tìnì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí apá yẹn máa gba inú òpó kọjá ni pé mate ò mọ̀ pé irin ni ohun tó o yà. Gbogbo ohun tó mọ̀ ò ju pé kí ìlà àárín píìnì yìí bá ìlà àárín ihò yẹn mu, kí ojú yìí lẹ̀ mọ́ ojú yẹn, ó parí. Páàtì tí wọn ò tíì so mọ́ nǹkan kan ní ọ̀nà 6 tó lè gbà rìn: síwájú sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sísàlẹ̀, kó sì tún máa yí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Píìnì gba 5 nínú ẹ̀, ó ku 1, ìyẹn yíyí. Ẹyọ kan tó kù yẹn ò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní òpin, àfi tó o bá sọ fún un.

Torí náà ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ni pé: lójú ayé, kí ló máa dá nǹkan yìí dúró? Ohun tó bá máa dá a dúró lójú ayé, ibẹ̀ ni kó o fi gbèdéke sí nínú CAD, má fi síbòmíì. Apá tìẹ yìí, píìnì ò lè dá a dúró, píìnì á yí 360 dígírì tí nǹkan míì ò bá dí i lọ́wọ́. Sílíńdà ló ń dá a dúró. Nígbà tí písítìnì bá kan ìdí sílíńdà, ó tán, nígbà tó bá kan orí sílíńdà, ó tán nìyẹn. Bó o bá wá lọ fi Limit Angle sí píìnì apá, o lè rí iye kan tó jọ pé ó dáa, ṣùgbọ́n ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ mú un wá. Lọ́jọ́ tó o bá sún ibi tí sílíńdà so mọ́ síwájú díẹ̀, iye àtijọ́ yẹn á ṣì jókòó síbẹ̀, á máa sọ fún ẹ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Fi gbèdéke sáàárín ọ̀pá àti ilé sílíńdà. Ìyókù á tẹ̀lé e fúnra ẹ̀.

Iye tó o máa kọ wà nínú ìwé tí wọ́n fi ta sílíńdà. Wàá rí gígùn ẹ̀ láti píìnì dé píìnì nígbà tó bá wọlé tán, wàá rí stroke (ìwọ̀n tí ọ̀pá lè rìn), gígùn ìgbà tó bá jáde tán sì jẹ́ àròpọ̀ méjèèjì. Ká ní 450 mm ni nígbà tó wọlé tán, stroke 300 mm, a jẹ́ pé 750 mm ni tó bá jáde tán. Àwòrán sílíńdà tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ páàtì kan ṣoṣo tí ọ̀pá ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ilé ẹ̀, ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún ohun tó o fẹ́ ṣe, wàá ní láti pín in sí méjì.

Bọ́lùtì12:
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó wà nínú sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan kún un, torí orúkọ ẹ̀ ò rí bákan náà.

Nínú SolidWorks, lọ sí Advanced Mates, wàá rí Distance àti Angle tó ní àpótí méjì fún iye tó pọ̀ jù àti iye tó kéré jù. Kọ́kọ́ fi Concentric sáàárín ọ̀pá àti ilé, kó o wá mú ojú písítìnì àti ojú inú ìdí sílíńdà, kó o kọ 0 sí kékeré àti 300 sí ńlá. Ọ̀nà yìí dára ju kéèyàn máa wọ̀n ọ́n láti píìnì dé píìnì lọ, torí stroke tó wà nínú ìwé gan-an ni iye tó máa wà lójú ẹ. Fusion ní tiẹ̀, Slider tàbí Cylindrical ni wàá fi so wọ́n, tó o bá wá ṣe right-click sórí joint yẹn wàá rí Edit Joint Limits, ó ní Minimum, Maximum àti Rest, Rest yẹn ni ibi tí nǹkan máa padà sí tí nǹkan kan ò bá fà á. Onshape, inú mate fúnra ẹ̀ ni Limits wà. FreeCAD láti 1.0 tó jáde lọ́dún 2024 ti ní Assembly tiẹ̀, Slider ibẹ̀ náà gba iye kékeré àti iye ńlá.

Ohun kan tó máa ń yọ èèyàn lẹ́nu ni gbèdéke igun. Tí nǹkan yín bá jẹ́ ìlẹ̀kùn tàbí ìdérí tí kò ní sílíńdà, tó jẹ́ igun gangan lẹ fẹ́ fi dá a dúró, ẹ ṣọ́ 0 àti 180. Igun láàárín ojú méjì, kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ọ̀tún lẹ ń yí sí àbí òsì tó bá ti dé 0, 10 dígírì sí ọ̀tún àti 10 dígírì sí òsì jọ ara wọn lójú ẹ̀. Ẹ máa fa ìdérí yẹn, á kàn fò lọ sódìkejì lójijì, inú àpótí lẹ máa bá a. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò ní fi ojú ìdérí wọ̀n ọ́n rárá. Mo máa ń fa plane kan (ojú pẹlẹbẹ tá a kàn fi ń wọn nǹkan) sínú páàtì tó dúró, mo máa yí plane yẹn débi pé gbogbo ìrìn ìdérí á bọ́ sáàárín nǹkan bí 30 sí 150, jìnnà sí 0, jìnnà sí 180. Ìdérí tó ń ṣí láti 0 dé 110 á wá di 30 dé 140 lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò tún ní fò mọ́.

Kírankì_kékeré:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pín sílíńdà sí méjì, mo ti fi 0 àti 300 sí i. Nínú fáìlì sílíńdà fúnra ẹ̀ ó ń rìn dáadáa, ó ń dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dúró ní ìparí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e wọnú asẹ́ńbìlì ńlá, ó gan pa, kò rìn mọ́ rárá, apá náà ò wá rìn mọ́. Ṣé gbèdéke yẹn ló dè é ni?

Bọ́lùtì12:
Rárá o, gbèdéke kọ́. Asẹ́ńbìlì kékeré tó bá wọnú asẹ́ńbìlì ńlá, SolidWorks máa ń mú un bí odidi irin kan, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó má bàa wúwo. Tẹ sílíńdà yẹn nínú igi lápá òsì, wá Make Subassembly Flexible. Gbèdéke tó o fi sínú ẹ̀ á wọlé pẹ̀lú ẹ̀. Má ṣe é fún gbogbo asẹ́ńbìlì kékeré o, èyí tó bá ń rìn nìkan, torí èyí tó bá ti di flexible, gbogbo mate inú ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa tún máa ṣírò nígbàkigbà tó o bá fa nǹkan.

ayàwòrán_irin:
Ẹ má bínú o, èmi rí i lọ́nà míì. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa kọ iye. Contact ló jọ ohun gidi jù, irin kan irin, ó dúró. Fusion ní Contact Sets, Inventor ní Contact Set àti Contact Solver, SolidWorks ní Collision Detection nínú Move Component, ẹ tẹ Stop at collision, ẹ fà á, ó tán. Kò sí bó o ṣe máa sún píìnì tó, contact á mọ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ pé iye àtijọ́ á ṣì jókòó síbẹ̀, contact ò ní irú wàhálà yẹn.

asẹ́ńbìlì_lójoojúmọ́:
Ọ̀rọ̀ ẹ yẹn ní òótọ́ nínú, tó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò lèèyàn ń ṣe mo fara mọ́ ọn dáadáa. Ibi tí mi ò bá ẹ lọ ni kéèyàn fi contact nìkan gbé gbogbo asẹ́ńbìlì.

Èkíní, ó wúwo. Limit jẹ́ nọ́ńbà kan tí kọ̀ǹpútà ń fi wé nọ́ńbà míì. Contact, gbogbo ojú páàtì yìí ló máa fi wé gbogbo ojú páàtì yẹn ní gbogbo ibi tó o bá fà á dé. Apá àti òpó nìkan, ó lè má hàn. Fi bọ́lùtì 40 kún un tí gbogbo ẹ̀ ní eyín ẹ̀ gidi tí wọ́n yà sí i, kó o wá tẹ Enable All Contact, wàá rí bí máòsì á ṣe máa fà.

Èkejì, ìgbẹ́sẹ̀. Nínú Motion Study (ibi tí SolidWorks ti ń ṣírò ìrìn ẹ̀rọ), kọ̀ǹpútà ò wo ìrìn yẹn láìdáwọ́ dúró, ó ń wò ó ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Tí irin pẹlẹbẹ 2 mm bá wà lójú ọ̀nà, tí apá yín sì ń rìn 5 mm láàárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì, ó lè jẹ́ pé ní ìṣísẹ̀ yìí apá ṣì wà níwájú irin yẹn, ní ìṣísẹ̀ tó tẹ̀lé e ó ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti forí gbárí lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ dín ìgbẹ́sẹ̀ kù, tàbí kẹ́ ẹ dín ìyára kù.

Ẹ̀kẹta, ojú tó rí róbótó. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, tí wọ́n bá ń ṣírò contact, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ojú róbótó di onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Píìnì tó yẹ kó rí róbótó á wá ní ẹ̀gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Píìnì 25 mm nínú ihò 25.1 mm, àyè 0.1 mm yẹn lè kéré ju àṣìṣe tó wà nínú onígun mẹ́ta wọ̀nyẹn lọ, píìnì á máa gbọ̀n, tàbí kí wọ́n ní ó ti wọnú irin kí ẹ tó fà á rárá. SolidWorks Motion ní Use Precise Contact fún irú ẹ̀, á péye síi, á sì falẹ̀ síi.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: gbèdéke ni mo fi ń gbé asẹ́ńbìlì lójoojúmọ́, contact ni mo fi ń yẹ gbèdéke yẹn wò. Mo máa tan contact fún páàtì méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ra, mo máa fa ìrìn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Tí irin bá kan irin kí sílíńdà tó dé gbèdéke ẹ̀, mo ti mọ̀ pé àwòrán gan-an ló ní ìṣòro. Lẹ́yìn náà mo máa pa á.

ayàwòrán_irin:
Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́sẹ̀ yẹn yé mi gan-an. Ó dáa, mo gbà pé kí contact jẹ́ ti àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé níbi tí ohun tó dá nǹkan dúró bá jẹ́ irin méjì tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kí wọ́n máa kanra, bíi rọ́bà ìdúró tàbí háàmà tó ń lu nǹkan, contact ni mo ṣì máa lò, torí wọ́n á bi yín bóyá ó máa ta padà. Coefficient of restitution wà láàárín 0 sí 1, 0 ni pé kò ta padà rárá. Limit ò lè sọ ìyẹn fún yín, limit kàn ń dúró ni.

Mọ́tò_àti_jíà:
Ẹ kú àlàyé. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ pé wọn ò nílò gbèdéke rárá torí gígùn ọ̀pá wọn ti fún wọn ní tiwọn.

Kírankì tó ń ti písítìnì, stroke ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gígùn kírankì, kírankì 50 mm, stroke 100 mm, tí ìlà písítìnì bá gba àárín kírankì. Tẹ́ ẹ bá wá fi gbèdéke 0 sí 100 sí písítìnì, ẹ ti fi wàhálà kún iṣẹ́ yín lásán. Ní òpin kọ̀ọ̀kan, kírankì àti ọ̀pá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti máa ń dàrú, torí láti ibẹ̀ kírankì lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, méjèèjì ló bá písítìnì mu. Gbèdéke tó bá bọ́ síbi yẹn gangan, àṣìṣe kékeré nínú ìṣirò tó láti jẹ́ kó gan. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí kírankì máa wakọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fa kírankì, ẹ má fa písítìnì.

Ọ̀pá mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Òfin Grashof sọ pé tẹ́ ẹ bá ro èyí tó kúrú jù pọ̀ mọ́ èyí tó gùn jù, tí àròpọ̀ yẹn ò bá ju àròpọ̀ méjì tó kù lọ, ó kéré tán ọ̀pá kan á lè yí odidi. 40, 80, 100, 120: 40 àti 120 jẹ́ 160, 80 àti 100 jẹ́ 180, ó yí. Ẹ sọ 40 di 70, ó di 190 pẹ̀lú 180, kò sí èyí tó máa yí odidi mọ́, á máa mì lọ mì bọ̀ nìkan. Ẹ̀rọ tó ń dúró níbi tẹ́ ẹ ò retí, tí kò sì sí gbèdéke kankan lórí ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣírò yìí kẹ́ ẹ tó sọ pé sọ́fítíwíà ti bàjẹ́.

Jíà: mate jíà ò mọ eyín, ìpín ló mọ̀. Jíà eyín 20 pẹ̀lú eyín 60, kékeré á yí 3 kí ńlá tó yí 1. Ẹ fi gbèdéke sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má fi sí méjèèjì. Skúrù pẹ̀lú, orí ìrìn tààrà ni kẹ́ ẹ fi sí, kì í ṣe orí igun, torí skúrù tó ń lọ 2 mm ní yíyí kan, kó tó lọ 300 mm á ti yí 150, igun 360 dígírì kan ò lè ká ìyẹn.

Sípríǹgì, ẹ má gbàgbé pé ó ní ibi tó ti ń di odidi irin. Wáyà 3 mm, róńdò 8 lápapọ̀ tí wọ́n ti lọ orí àti ìdí ẹ̀ kó tẹ́jú, tí gbogbo ẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra ó ku 24 mm. Tí gígùn ẹ̀ bá jẹ́ 60 mm, 36 mm ni gbogbo ìrìn tó wà nínú ẹ̀, èmi ò sì ní jẹ́ kí gbèdéke mi kọjá 30.

Kírankì_kékeré:
Mo ti dé o, àwọn nǹkan tí mo rí rèé. Láti píìnì apá dé píìnì ìdí sílíńdà lórí òpó jẹ́ 700 mm, láti píìnì apá yẹn kan náà dé ibi tí orí ọ̀pá so mọ́ apá jẹ́ 400 mm. Pẹ̀lú gbèdéke sílíńdà, mo wọn igun láàárín ìlà méjèèjì. Nígbà tó wọlé tán ó jẹ́ 37 dígírì, nígbà tó jáde tán ó jẹ́ 81. Èyí túmọ̀ sí pé dígírì 44 péré ni apá mi ń gbé. 60 ni wọ́n ní kí n ṣe. Ṣé mo ṣì ní láti ra sílíńdà tó gùn jù ni?

asẹ́ńbìlì_lójoojúmọ́:
Ṣé o rí i, tó bá jẹ́ píìnì apá lo fi Limit Angle 60 dígírì sí ní ìbẹ̀rẹ̀, á gbé 60 fún ẹ lórí kọ̀ǹpútà, sílíńdà á sì ti fà yọ kọjá stroke ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Iye tó o rí yẹn tọ̀nà, òfin cosine tá a kọ́ nílé ìwé náà ni: 700² pẹ̀lú 400², yọ 450² kúrò, pín in sí 2 × 700 × 400, ó jẹ́ 0.799, ìyẹn 37 dígírì. Ṣe é pẹ̀lú 750, ó jẹ́ 0.156, ìyẹn 81.

Má tíì ra nǹkan kan. Sílíńdà kan náà tó o bá mú píìnì méjèèjì súnmọ́ píìnì apá, igun á pọ̀ síi. Gbìyànjú 600 àti 300. Wàá bẹ̀rẹ̀ láti 46.6, wàá dé 108.2, ìyẹn 61.6. Àmọ́ dúró o, má lo stroke tán. Sílíńdà tó ń fi písítìnì lu ìdí ara ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní pẹ́, fi 5 mm sílẹ̀ níwájú, fi 5 mm sílẹ̀ lẹ́yìn, kí gbèdéke ẹ di 5 sí 295. Tó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, 600 àti 300 á fún ẹ ní 59.4, kò pé 60 mọ́. Fà 600 yẹn wá sí 580, wàá rí nǹkan bíi 60.8.

Ohun tó o máa fi san án ni agbára. Bí sílíńdà bá ti ń súnmọ́ píìnì apá, bẹ́ẹ̀ ni apá agbára ẹ̀ ń kúrú. Láti àárín píìnì apá sí ìlà tí sílíńdà ń tì sí, bẹ́ ẹ ṣe ṣe é tẹ́lẹ̀ ó wà ní nǹkan bí 370 mm ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Pẹ̀lú 600 àti 300, 290 ni ní ìbẹ̀rẹ̀, 228 ni ní ìparí. Ẹrù kan náà á béèrè agbára tó ju ìlọ́po kan ààbọ̀ lọ tí apá bá ti gòkè tán, 580 náà ò sì ní yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Lọ wo bóyá pọ́ǹpù yín lè gbé ìyẹn kó o tó fi ọwọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí gan-an tí mi ò bá rí ẹni tó sọ ọ́. Nínú CAD, píìnì wà ní àárín ihò gẹ́lẹ́. Lójú ayé, àyè wà. Ká ní etí méjì tó di píìnì mú jìnnà síra ní 100 mm, tí àyè sì jẹ́ 0.1 mm, píìnì lè gbun ní 0.1 lórí 100. Tí apá bá gùn tó 2000 mm, orí ẹ̀ á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2 mm. Tó o bá fi 1 mm sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ apá àti nǹkan míì lápá orí lọ́hùn-ún, Interference Detection (àyẹ̀wò tó ń wá ibi tí páàtì ti wọnú ara wọn) á sọ fún ẹ pé kò sí ìṣòro, apá gidi á sì máa ha ara ẹ̀. Torí náà mo máa ń ya ipò tó burú jù: mo máa gbun apá yẹn ní iye àyè, màá tún gbé e lọ dé gbèdéke méjèèjì, màá yẹ ẹ́ wò ní gbogbo ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (gbígbun sọ́tùn-ún àti sósì, ní gbèdéke kọ̀ọ̀kan).

Mọ́tò_àti_jíà:
Mo fẹ́ fi èyí kún ọ̀rọ̀ píìnì. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ mọ agbára tó ń lọ sára píìnì kọ̀ọ̀kan nínú Motion Analysis, ẹ ṣọ́ ìsopọ̀ tó pọ̀ jù. Ìlẹ̀kùn tó ní híńjì méjì: ọ̀nà 6, híńjì kọ̀ọ̀kan gba 5, ó di 6 yọ 10, ó ku òdì 4. Ìlẹ̀kùn á ṣì ṣí á sì tì, ìrìn ẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ bó ṣe máa pín ìwúwo láàárín híńjì méjèèjì, á kàn yọ àwọn kan kúrò fúnra ẹ̀, híńjì kan lè wá gbé gbogbo ẹ̀ kí èkejì wà lófo. Ẹ sọ ọ̀kan di ìsopọ̀ bọ́ọ̀lù (spherical) tó ń gba 3, ẹ sọ èkejì di èyí tó di ìlẹ̀kùn mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan tó ń gba 2, àròpọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 5, á ku 1 tó jẹ́ yíyí. Apá tìẹ náà, tó o bá fi mate sí etí òsì àti etí ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí mọ́tò máa ti nǹkan lọ sí gbèdéke limit nínú Motion Study o. Mọ́tò ní kó lọ, mate ní kó dúró, kò sí ìdáhùn tó bá méjèèjì mu, solver (ohun tó ń ṣírò ìrìn nínú sọ́fítíwíà) á kàn dúró. Ẹ pa limit yẹn fún study yẹn, ẹ jẹ́ kí ìrìn mọ́tò fúnra ẹ̀ wà láàárín 5 sí 295.

róbọ́ọ̀tì_nílé:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bọ inú ẹ̀. Èmi náà ní apá tó ní sílíńdà báyìí, mo fẹ́ gbé e lọ sínú URDF (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe róbọ́ọ̀tì) kí n lè fi í ṣe simulation róbọ́ọ̀tì. Gbèdéke tí mo fi sí sílíńdà ò tẹ̀lé mi débẹ̀. Ṣé àṣìṣe exporter (ohun tó ń yí fáìlì CAD padà sí URDF) ni?

asẹ́ńbìlì_lójoojúmọ́:
Exporter ò lẹ́bi níbẹ̀. URDF jẹ́ igi, ẹ̀ka kan máa ń ti ara ẹ̀ka míì jáde, kò gba nǹkan tó yí po padà sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Apá, òpó àti sílíńdà jẹ́ onígun mẹ́ta, wọ́n yí po. Ibì kan gbọ́dọ̀ já, sílíńdà ni wọ́n sì sábà máa ń já.

Torí náà níbí nìkan ni mo ti máa sọ fún ẹ pé kó o gbé gbèdéke kúrò lára sílíńdà lọ sára píìnì apá. Ṣùgbọ́n inú CAD ni kó o ti mú iye yẹn wá, fa sílíńdà dé 5, wọn igun, fa á dé 295, wọn igun. Fún ti Kírankì_kékeré yẹn, 50.9 dé 111.7. Tí ipò ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 0 nínú URDF, lower á jẹ́ 0, upper á jẹ́ 60.8 dígírì. Radian ni URDF ń lò, nítorí náà kọ 1.061, tó o bá kọ 60.8 síbẹ̀ apá á lè yí po ju ìgbà 9 lọ kó tó dúró. Tí joint (ìsopọ̀) rẹ bá jẹ́ prismatic (tó ń rìn tààrà), mítà ni, 290 mm á di 0.29. Joint revolute (tó ń yí) gbọ́dọ̀ ní limit, wàá kọ effort (agbára) àti velocity (ìyára) pẹ̀lú lower àti upper. Wo axis náà dáadáa, tó bá kọjú sódì, apá á máa lọ sísàlẹ̀ dípò kó gòkè, yí àmì axis padà kó o fi 0 àti 1.061 sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kírankì_kékeré:
580 àti 300 ni mo lò, ó ń gbé 60.8, ó ń dúró ní òkè, ó ń dúró nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lo FreeCAD lára wa ti fi 5 àti 295 sí Slider tiẹ̀, igun tá a rí bára mu. Mo ti tan contact fún apá àti òpó nìkan, ó kan òpó ní nǹkan bí 4 dígírì kí ó tó dé ìsàlẹ̀ tán, etí tí mo fi di sílíńdà mú ló yọ síta jù. Màá gé e kúrò lónìí, màá tún fà á pẹ̀lú àyè píìnì bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, màá sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni pọ́ǹpù nípa agbára tó pọ̀ síi yẹn kí n tó fi àwòrán ránṣẹ́.